Èrò Tí Kò Sanwó Ọkọ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin
kí wọ́n tó ní kí n máa bọ̀ wálé, sí Ọ̀fà níbí.
Mo mọ èrò tí kò sanwó lójú:
á ti sùn kí ọkọ̀ tó gbéra,
á kí ọ̀gá ju ẹni tó sanwó lọ.
Síbẹ̀ ọ̀kan wọlé mi lóṣù tó kọjá, n kò rí i.

Àmì ohùn ni mo ń wá.
Mò ń tẹ ìtàn agboolé bàbá mi
sórí kọ̀ǹpútà tí Gbàdébọ̀ rà fún mi,
orúkọ ìlú wa kò sì yàtọ̀ mọ́ sí ohun tí ọdẹ ń ta.
Mo rí ètò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní òun á máa fàmì sí i,
lọ́fẹ̀ẹ́.
Ọ̀fẹ́! Èmi tí mo ti lé ọ̀fẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti Jẹ́bà dé Ìbàdàn!
Mo tẹ "Mo gbà", mo tún tẹ "Mo gbà", n kò kà á.
Àmì wọlé. Ẹnìkan tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣíwèé, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń yọjú,
àti oògùn jẹ̀dí, àti ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí mi
níṣojú ìyàwó mi.

Mo pe ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà, èyí tí mò ń sanwó fún lọ́dọọdún.
Ó yẹ gbogbo yàrá wò, ó pẹ́ títí,
ó nàka aláwọ̀ ewé sókè: kò séwu.
Kò séwu! Ọmọbìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wá a kàn, mo pa á rẹ́.
Ilẹ̀ mọ́, ó ti jókòó.
Mo tún pa á rẹ́. Ó pààrọ̀ orúkọ, ó tún jókòó.
Ẹni tó bá gbin ọ̀dùnkún rí nílùú yìí mọ ohun tí mò ń sọ:
o wà á, o kó o, o sè é jẹ,
ìtàkùn bí ìka kan tó ṣẹ́kù lábẹ́ ebè
ti ń retí òjò.

Múíbátù ọmọ ilé kejì ló gbà mí, ọmọ Póòlì.
Kò bú mi. Ó kọ́kọ́ gé íńtánẹ́ẹ̀tì,
"kó má baà ránṣẹ́ sílé."
Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án lọ́nà kan tí n kò rí rí:
ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, díẹ̀ ló jí nínú rẹ̀,
bí ibùdókọ̀ lóru tó jẹ́ ẹni tó gbé àtùpà nìkan ló ń rìn.
"Bàbá, ẹni tí kò níṣẹ́ níbí, a ó rí i báyìí."

A rí i. Ó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́,
lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀,
bí ẹni wọ kóòtù wa tí bọ́tìnnì rẹ̀ kì í ṣe tiwa.
Ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé iṣẹ́ òwúrọ̀ ẹ̀rọ náà:
bí bàbá bá ti tàn yín, ẹ gbé mi wọlé.
Èmi gan-an ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún un láràárọ̀.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, wọ́n ní.
Èyí kò láriwo. Ọmọ ogún ọdún kan ń jẹ gúgúrú,
ó fa ìwé náà ya, ó hú gbòǹgbò,
ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án, ó pa á, ó tàn án.
Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sí ìbàdí.
Kò sẹ́ni tó yọjú.

Ó ní kí n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà owó ìfẹ̀yìntì mi kílẹ̀ tó ṣú.
Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. N kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n àmì bá a lọ. Àpò kan náà ló gbé wọn wá.
Lálẹ́ mo tẹ ìtàn náà sórí pépà, ojú ewé mọ́kànlá,
gbogbo ọ̀rọ̀ dúró ní ìhòhò.
Mo mú báírò pupa,
mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìjókòó dé ìjókòó.
Mo dé orúkọ ìlú wa:
ẹyọ kan sábẹ́, méjì sórí.
O ti sanwó. Jókòó.